Bí A Ṣe Wọn Ọ̀rinrin Ilé Wa

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí káńsù tó ni ilé wa kọ sí wa kò ju ojú ìwé kan lọ. Ọmọbìnrin mi ló kà á sókè nínú ilé ìdáná wa ní Clondalkin, àdúgbò kan ní Dublin, èmi dúró ti síńkì, mo ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní àwọn ti gba ẹ̀sùn wa nípa ògiri tó ń rin àti èbu dúdú tó ń hù lára rẹ̀, àwọn sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní bí a ṣe ń gbé inú ilé ló fà á: à ń sá aṣọ sínú yàrá, à ń dáná láìṣí fèrèsé, a kì í tan hítà tó bó ṣe yẹ. Wọ́n to ìmọ̀ràn díẹ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan wá tí ọmọ mi kà dé ìdajì, tó dákẹ́, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó ti rẹlẹ̀: fọ́tò tí ìwé ìròyìn àdúgbò gbé jáde pé ó jẹ́ yàrá kan nínú ilé wa kì í ṣe yàrá ilé wa rárá, nítorí pé irú fèrèsé tó wà nínú fọ́tò náà kò sí nínú ilé kankan tí káńsù ní.

Mo gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. Mo wo ojú ọmọ mi, mo sì mọ̀.

Ẹ̀yìn mi ni mo pọn ọmọ yìí sí dé Ireland, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Àsìkò tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá ìsádi níbí ni. A gbé ilé tí wọ́n kó àwa olùwá-ìsádi sí fún ọdún mélòó kan, títí ìwé wa fi jáde, lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wa ní fúláàtì oníyàrá méjì ní àjà kejì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin kan. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ọ́fíìsì ṣe nínú ọgbà iléeṣẹ́ kan tí kò jìnnà sí ojú irin Luas. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò mọ̀ pé kí n tó wá síbí, láàbù ni mo wà, ní iléeṣẹ́ omi ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Èmi ni mo ń yẹ omi wò kí wọ́n tó tú u sínú páìpù: ṣé ó mọ́, ṣé oògùn tó ń pa kòkòrò inú rẹ̀ tó, ṣé kò pọ̀ jù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Mi ò rò pé ó tún lè wúlò fún mi.

Èbu náà ti wà lára ògiri wa láti ìgbà òtútù méjì sẹ́yìn. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ọmọ mi, tí àwọn ará ibí ń pè ní press, ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń rùn bí àkísà tí èèyàn gbàgbé sínú báàfù. Mo fi bílíìṣì nù ún. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó tún yọ. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láràárọ̀. Nígbà tí mo bi àwọn aládùúgbò, mo rí i pé kì í ṣe àwa nìkan.

Báyìí ni olúkúlùkù ṣe fi fóònù ya ògiri rẹ̀. Ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà yẹn, ilé ìtajà oògùn ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló kó fọ́tò gbogbo wa jọ, tó kọ lẹ́tà sí káńsù, tó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀ròyìn kan. Ìwé ìròyìn gbé e jáde, inú wa dùn. A kò wo fọ́tò náà dáadáa. Ta ni yóò wo fèrèsé nígbà tí èbu wà nílẹ̀ tó ń wò?

"Ìwọ lo fi fọ́tò yẹn sí i?" mo bi í.

Òyìnbó ló máa ń fi dá mi lóhùn, òyìnbó Dublin tó ń sáré bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n èdè wa ni màá fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí. Ó ní, "Mummy, àwọn fọ́tò wa kò dára. Wọ́n ṣókùnkùn, ọwọ́ àwọn èèyàn ń gbọ̀n. Mo rí ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jọ ti yàrá mi gan-an. Mo ní kí n fi ṣe àpẹẹrẹ. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé tiwa ni."

"Ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe tiwa?"

Ó ká lẹ́tà náà sí méjì. Nígbà tó yá ó ní, "Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ògiri wa dúdú. Ẹ lọ fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni," mo ní. "Ìdí ẹ̀ ló fi dùn mí."

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń gún mi lọ́kàn ni pé fọ́tò kan ṣoṣo ti sọ gbogbo fọ́tò yòókù di irọ́. Ìyá tó ní ọmọ ìkókó ní àjà kẹta, tó fi omijé ya ti ilé rẹ̀, tiẹ̀ náà ti di irọ́.

Nígbà tí a ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn àdúgbò, ariwo pọ̀. Àwọn kan ní káńsù ló wá àwáwí. Àwọn mìíràn fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é. Mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa dáàbò bo ọmọ mi nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dìde. Ó ní, "Èmi ni. Mo rò pé yóò ràn wá lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Kò wo ilẹ̀.

Bàbá kan wà nínú wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó ń wa takisí, tó ń gbé nísàlẹ̀. Ó mi orí, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́, àmọ́ o ti bà á jẹ́ fún wa."

Ìyá àgbà kan, ọmọ Ireland, opó, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tiwa, ló dá a lóhùn. Màmá Ọ̀kánkán ni èmi máa ń pè é nínú ilé wa. Ó ní, "Ó ti jẹ́wọ́. Ó tó. Ọ̀la ńkọ́?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Mo ní kí a wọ̀n ọ́n. Mo ní fọ́tò ń fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ hàn ni, kò sọ ohun tó fà á, ohun tó fà á sì ni káńsù ń bá wa jiyàn lé lórí. Bí wọ́n bá ní oúnjẹ tí à ń sè àti aṣọ tí à ń sá ló ń mú ilé wa rin, ẹ jẹ́ kí a mọ bó ṣe ń rin tó, nígbà tí à ń dáná àti nígbà tí a kò dáná. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti yíjú sí mi báyẹn nítorí ohun tí mo mọ̀.

Ọmọ mi ra ẹ̀rọ kékeré mẹ́wàá, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri tó ń sọ bí inú ilé ṣe gbóná tó àti bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. A tò wọ́n sórí tábìlì ilé ìdáná, gbogbo wọn lójú kan náà, nínú afẹ́fẹ́ kan náà. Kò sí méjì tó sọ ohun kan náà. Ọ̀kan sọ pé ilé wa gbẹ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ mi ní, "Mummy, wọn ò dáa. Ẹ jẹ́ ká dá wọn padà."

Mo rántí ọ̀gá mi ní iléeṣẹ́ omi, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó máa ń sọ fún wa pé kí o tó bi omi léèrè, kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ léèrè ná. Láràárọ̀ la máa ń fi omi tí a ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò kí a tó lò ó, bí ẹnikẹ́ni bá sì fò ó, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà ni yóò ní kó tún ṣe. Nígbà yẹn a rò pé ìkà ni.

Ohun tí a lè fi dán ẹ̀rọ ọ̀rinrin wò kò ṣòro. Iyọ̀ oúnjẹ ni. Bí o bá fi omi díẹ̀ pò ó títí tó fi ki bí ògì tí kò tíì jò tán, tí o gbé e sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá náà yóò dúró sójú kan, kò ní kúrò níbẹ̀: márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan tí Ọlọ́run dá mọ́ iyọ̀ nìyẹn, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Dublin.

Mo ra iyọ̀ náà ní ọjà Moore Street lọ́jọ́ Sátidé tí mo lọ ra iṣu. Obìnrin tó tà á fún mi bi mí ohun tí mo fẹ́ fi iyọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi yẹ ògiri wò. Ó ní, "Kí ló dé, ṣé ògiri yín tẹ́ ni?" A jọ rẹ́rìn-ín.

A po iyọ̀ sínú ìdérí ìgò mẹ́wàá, a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá pẹ̀lú ẹ̀rọ kan, a dì í pa, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọmọ mi kàn ń lọ bọ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó gbé ẹyin sábẹ́ adìyẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èyí tó yẹ kó sọ márùndínlọ́gọ́rin ń sọ méjìléláàádọ́rin, òmíràn ń sọ mọ́kàndínlọ́gọ́rin. A kọ àtúnṣe rẹ̀ sórí bébà alẹ̀mọ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan: fi mẹ́ta kún un, yọ mẹ́rin kúrò. Méjì kò dúró sójú kan rárá, bí a ṣe dán wọn wò lẹ́ẹ̀mẹta, ohun mẹ́ta ni wọ́n sọ. A yọ wọ́n kúrò. Ó ku mẹ́jọ.

Ọmọ mi wo mẹ́jọ yẹn lórí tábìlì, ó ní, "Ní báyìí tí wọ́n bá sọ nǹkan, a lè gbà á gbọ́." Mo rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń rò.

A pín wọn fún fúláàtì mẹ́jọ. A mọ̀ọ́mọ̀ mú wọn láti orí àjà gbogbo àti láti apá méjèèjì ilé náà. Mo kọ́ àwọn aládùúgbò bí wọn yóò ṣe gbé e kọ́ níbi tó ga dé àyà, tó jìnnà sí kẹ́tùrù àti fèrèsé. Wọn yóò wò ó ní agogo méje àárọ̀ àti agogo méje ìrọ̀lẹ́. Wọn yóò kọ iye tó sọ, wọn yóò kọ bóyá wọ́n ń dáná, bóyá aṣọ wà lórí hítà, bóyá òjò rọ̀ níta. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe fi ohunkóhun pamọ́. Bí aṣọ bá wà lórí hítà, kí wọ́n kọ ọ́. Aṣọ ń gbẹ nínú ilé gbogbo èèyàn ní Ireland, káńsù náà mọ̀.

Màmá Ọ̀kánkán gba tiẹ̀ bí ẹni gba nǹkan tó ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Rush ni wọ́n bí i sí, ìlú kékeré etí òkun tó wà ní àríwá Dublin, bàbá rẹ̀ sì ń gbin tòmátì sínú ilé onígíláàsì níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun ni òun máa ń ka ẹ̀rọ tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin ilé tòmátì náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní, "Lọ́jọ́ kan òjò ń rọ̀, mi ò lọ, mo kàn kọ iye kan tó wù mí. Bàbá mi wò ó, ó ní, 'Ìwọ kò débẹ̀ lónìí.' Títí ó fi kú mi ò mọ bó ṣe mọ̀."

Òun náà ló mú ìmọ̀ràn tó dára jù lọ wá. Ó ní, "Wọ́n ní à ń gbé ilé wa sódì. Bí kò bá sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́?" Ó ní òun yóò lọ bá àbúrò òun obìnrin ní Rush fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun yóò ti ilé òun pa, kò sí dídáná, kò sí wíwẹ̀, kò sí aṣọ. Kí n máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti ka ẹ̀rọ.

Mo rò ó wò. Mo ní, "Ẹ má pa hítà, Màmá. Ilé tó bá tutù, ẹ̀rọ yóò sọ pé ó rin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kankan kò wọ̀ ọ́. Wọ́n á fi ìyẹn já wa ní koro." A fi hítà rẹ̀ sí méjìdínlógún, a kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì ni mo gba ìwé àwọn aládùúgbò láti wò ó bóyá wọ́n ń ṣe é dáadáa. Mo kó wọn fún ọmọ mi kó kọ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tó fi wá bá mi nínú yàrá.

"Mummy, ti bàbá onítakisí kò lè wọ inú rẹ̀."

Mo wo ìwé náà. Òǹkà rẹ̀ ga ju ti gbogbo ilé lọ, irú èyí tí à ń wá gan-an. Ṣùgbọ́n iye kan náà ló wà níbẹ̀ láràárọ̀, iye kan náà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bírò kan náà, ìtẹ̀wé kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo sọ pé màá bá a sọ̀rọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí. Bàbá náà ti tó ọmọ àádọ́rin ọdún. Òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù nígbà tí ọmọ mi ṣe àìsàn, kò gba nǹkan kan.

Ọmọ mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ. Èmi ni mo mọ bó ṣe rí."

Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀, tí kì í sábà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú sí mi. Ìwé yín... gbogbo ẹ̀ dọ́gba. Ṣé ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, sà?"

Bàbá wò ó títí. "Ìwọ ló wá bi mí bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀. Ẹ rántí fọ́tò."

Mo rò pé yóò ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí i gbayawu, ó ní kí a wọlé. Ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ pa ojú. Ó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun wà nílé lágogo méje, òun kò sì fẹ́ kó dà bíi pé òun kò bá wa ṣe é. Ó na ọwọ́ sí igun yàrá rẹ̀, níbi tí bébà ògiri ti ká bọ́ sílẹ̀. "Ẹ wò ó. Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Ọmọ mi ní, "Ilé yín rin, sà. Ojú mi ló rí i. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí a ò ṣe lè fi ìwé yìí sí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Àwọn ará ilé ì bá wà níbí kí wọ́n gbọ́ Yorùbá tí ò ń sọ." Ó gba ìwé tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìgbà tó bá wà nílé nìkan ló ń kọ, ibi tí kò bá sí, ó fi àlàfo sílẹ̀. Àlàfo pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ju òǹkà lọ, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe fi ránṣẹ́.

Ohun kan tún wà tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Tọkọtaya kan wà ní àjà kẹta, ní apá kejì ilé náà. Ẹ̀rọ tiwọn ń sọ pé ilé wọn gbẹ. Wọ́n ń dáná bíi tiwa, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n tilẹ̀ ní ọmọ méjì, síbẹ̀ ilé wọn gbẹ. Àwọn kan nínú wa ní kí a yọ tiwọn kúrò, pé káńsù yóò fi wọ́n bú wa. Èmi náà rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èyí tí kò wù wá, a ti padà sídìí fọ́tò. A fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, èmi àti ọmọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Rush lọ́jọ́ Àìkú kan láti lọ kí Màmá Ọ̀kánkán. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ gan-an. A gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé onígíláàsì kọjá, àwọn kan ti fọ́, àwọn kan ṣì kún fún ewébẹ̀. Màmá gbé tíì àti búrẹ́dì kalẹ̀, ó wọ awò rẹ̀, ó sì ka ìwé fúláàtì ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni òjò rọ̀?" ó béèrè.

Mo fi ìlà tí a ti kọ òjò hàn án. Ó fi ìka tẹ̀ lé e. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Tuesday, ọ̀rinrin ilé rẹ̀ gòkè lọ́jọ́ Wednesday. Òjò dá ní ọjọ́ mẹ́rin, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òjò tún rọ̀, ó tún gòkè. Nínú ilé tí a tì pa, tí kò sí ẹni tó gbé ìkòkò kaná nínú rẹ̀.

Ó bọ́ awò. Ó ní, "Bàbá mi máa ń sọ pé bí fèrèsé ilé tòmátì bá wà ní títì tí ọ̀rinrin sì ń gòkè, kí n má bi tòmátì, kí n lọ wo ibi tí omi òrùlé ń gbà."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìròyìn wa. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kò sọ ohunkóhun nípa èbu. Ó sọ pé ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kì í ṣe tiwa, pé àṣìṣe wa ni, a sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ló sọ bí a ṣe dán ẹ̀rọ wò, èyí tí a yọ kúrò, ìwé tó ní àlàfo, ilé tó gbẹ. Bàbá onítakisí ní kí ló dé tí a fi ń tú àṣírí ara wa. Ọmọ mi ní àṣírí náà ti tú, sà, ó kù kí àwa fúnra wa sọ ọ́. Bàbá fọwọ́ sí i.

Ẹnjiníà tí káńsù rán wá jẹ́ obìnrin, ó wọ bàtà rọ́bà, ó gbé àpò kan kọ́ èjìká. Ó jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná wa, ìròyìn wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fàlà sábẹ́ oríṣiríṣi nǹkan nínú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé hítà ilé tí kò sẹ́nì kankan wà ní títàn. Mo fi ibi tí a kọ ooru rẹ̀ sí hàn án. Ó béèrè iyọ̀. Mo gbé ọ̀rá kan tó ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù jáde. Ó yọ ẹ̀rọ tirẹ̀, èyí tó tóbi, nínú àpò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, a sì ń dúró. Ọmọ mi ń jẹ èékánná. Nígbà tí òǹkà méjèèjì dúró, ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju ẹyọ kan lọ.

"Ta ló kọ́ yín?" ó bi mí.

"Ibi iṣẹ́ mi àtijọ́ ni," mo ní. "Láàbù omi ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà."

Ó mi orí. Kò yìn mí, kò sì yà á lẹ́nu. Ó kàn ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà lọ bí ẹni tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, mo sì rí i pé mo ti jókòó tààrà sórí àga mi.

Ilé tó gbẹ yẹn ló pẹ́ lé lórí jù. Ó ya àwòrán ilé wa sórí bébà, ó sàmì sí fúláàtì tó rin àti èyí tó gbẹ. Gbogbo àwọn tó rin wà lórí ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní apá ọwọ́ òsì. Ó ní, "Bí gbogbo yín bá sọ pé ilé yín ń rin, ǹ bá ṣì máa wá a káàkiri. Èyí tó gbẹ yìí ló sọ fún mi ibi tí mo máa wò." Ó ní páìpù tó ń gbé omi òjò látorí òrùlé wálẹ̀ gba inú ògiri apá òsì, wọ́n ti bò ó pa nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó wá fọ́ ògiri. Gbogbo wa sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Páìpù náà ti là ní ibi mẹ́ta, bíríkì tó yí i ká sì rọ̀ débi pé òṣìṣẹ́ náà fi ìka yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Màmá Ọ̀kánkán, tó ti dé láti Rush, dúró tì mí. Ó di apá mi mú.

Lẹ́tà kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń gbé ilé nínú rẹ̀. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọn yóò ṣe, àti ìgbà tí wọn yóò ṣe é. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe báyìí. Ògiri máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, ilé kejì tó wà lẹ́yìn wa sì ń dúró de tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò wúkọ́ mọ́ láàárọ̀.

Akọ̀ròyìn náà padà wá. Ó béèrè bóyá a lè rí ọmọ kékeré kan tí yóò dúró ti ògiri kí fọ́tò náà lè wọ àwọn èèyàn lọ́kàn. Ọmọ mi ní rárá, pé yàrá òun ni, òun sì ni òun ń sùn níbẹ̀. Ó ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó gbé téèpù ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó dúdú, ó sì dúró síbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Fèrèsé náà hàn kedere nínú fọ́tò. Ọkùnrin náà wò ó nínú kámẹ́rà rẹ̀, ó ní, "That's grand," ìyẹn ni pé ó dára gan-an, ó sì jọ pé òótọ́ ló fi sọ ọ́.

Ní báyìí, ní ọjọ́ Sátidé tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń lọ sí àwọn àdúgbò mìíràn tí wọ́n bá pè mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn obìnrin méje ló yí tábìlì ká nínú gbọ̀ngàn kan, àwọn kan láti Nàìjíríà, àwọn kan láti Poland, àwọn kan tí wọ́n bí sí àdúgbò náà gan-an. Ọmọ mi jókòó sígun, ó ń kọ nọ́ńbà sára ẹ̀rọ. Obìnrin kan, tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, bi mí pé irú èèyàn wo ló máa ń jókòó ka nǹkan báyìí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo wo gbogbo wọn yíká. Mo ní, "Irú yín." Mo bá ṣí iyọ̀.